Orí Karùn-ún: Ilé Tó Ń Mí, Àdúgbò Tó Mọra

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé nílẹ̀ wa, ohun tó máa ń kà kì í ju iye bílọ́ọ̀kù, iye àpò sìmẹ́ǹtì, iye páànù àti owó iṣẹ́ bírìkìlà lọ. Ó lè bá káfíńtà ná igi òrùlé títí ilẹ̀ ó fi ṣú, ó sì lè wọ ọjà mẹ́ta nítorí táìsì ilé ìwẹ̀. Àmọ́ níbo ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé, níbo ni yóò gbà jáde, ògiri wo ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò máa pa, níbo sì ni àwọn tó ń gbé ilé náà yóò ti máa bá ará àdúgbò pàdé? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í sábà wáyé. Ẹni tó ya pùláànù ti dáhùn wọn sórí bébà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ìdáhùn yẹn ni onílé àti àyálégbé yóò sì máa bá yí fún ogójì ọdún. Òun ni yóò pinnu bí wọn yóò ṣe rí oorun sùn nínú ooru oṣù kẹta, bóyá ikọ́ ẹnì kan yóò di ikọ́ gbogbo ilé, àti bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin yóò ríbi ṣeré níṣojú àgbà. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ètò ilé, ìyẹn bí a ṣe to yàrá, fèrèsé, òrùlé àti ojúde, ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn àti láwùjọ gẹ́gẹ́ bí omi mímu àti oúnjẹ ṣe ń ṣe. Ìrònú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú ilé san ènìyàn; ẹ̀yìn rẹ̀ ni owó ń tò sí.

Láti àgbàlá dé páséèjì

Àwọn tó kọ́ agboolé láyé àtijọ́ kò ka ìwé nípa afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti kọ́ wọn. Bí a bá wo agboolé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀bú, yàrá kéékèèké ló yí àgbàlá ká, tí ojú gbogbo wọn kọ sínú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín yàrá àti àgbàlá, etí òrùlé sì gùn wálẹ̀ bò ó débi pé ẹni tó bá ga yóò tẹrí ba kó tó wọ ibẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ní ìpele-ìpele, ó sì nípọn débi pé ooru ọ̀sán máa ń pẹ́ kó tó là á kọjá. Koríko tàbí ewé orí òrùlé há afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná gba àgbàlá ròkè lọ. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ àkòdì, omi òjò orí òrùlé ń ṣàn wá sáàárín ilé, wọ́n sì ń fi ìkòkò gbè é. Yàrá wà fún oorun àti ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìgbé ayé gan-an wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ran òwú, tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́, tí wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n sì ti ń parí ìjà. Ọmọ tó ń ṣeré ní àgbàlá wà lójú ìyáálé àti bàbá àgbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ tì láti ṣọ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ètò agboolé ló sì rí i dájú pé àgbà wà nítòsí.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bràsíìlì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bírìkìlà àti káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú, mú irú ilé mìíràn wọ Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ilé tiwọn kò ní àgbàlá láàárín: páséèjì ló la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ di àmì ọlá, ó sì tàn dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Iléṣà, pàápàá nígbà tí owó kòkó dé. Nígbà tó jẹ́ ẹbí kan ṣoṣo ló ń gbé inú rẹ̀, ètò yìí kò burú. Wọ́n kọ́ ọ ga, fèrèsé rẹ̀ tóbi, bí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sílẹ̀, páséèjì a máa fa atẹ́gùn gba gbogbo ilé kọjá. Ìgbà tí páséèjì di ti àyálégbé ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá kan nínú ilé tí gbogbo wa ń pè ní fesi-mí-àì-fesi-yú. Yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó fẹ̀ ní mẹ́wàá. Ó ní fèrèsé kan ṣoṣo sára ògiri ìta, ó sì ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí sí páséèjì. Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà fèrèsé yẹn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀kùn aládùúgbò kọjú sí tiẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì? Ó ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn dúró. Bí ilé náà bá ní yàrá mẹ́wàá, tí ènìyàn mẹ́rin sì ń gbé inú yàrá kọ̀ọ̀kan, ogójì ènìyàn ló ń pín páséèjì kan. Inú páséèjì yẹn kan náà ni sítóófù wà nígbà òjò, ibẹ̀ náà ni àwọn mìíràn sì ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí nítorí olè. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó lè pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Òṣì nìkan kọ́ ló fa ewu yìí. Bí a bá fi iye bílọ́ọ̀kù yẹn kan náà to yàrá mẹ́wàá yí àgbàlá kékeré ká, yàrá kọ̀ọ̀kan yóò ní fèrèsé sí ìta àti fèrèsé sí inú, atẹ́gùn yóò sì máa là á já tọ̀sán-tòru pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún àrùn

Ẹ̀rí wà pé ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí kọjá ìgbádùn ara. Kòkòrò àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ń gba inú afẹ́fẹ́ kiri. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́ nínú yàrá, àwọn ẹ̀kán tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ yóò máa léfòó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àfi bí afẹ́fẹ́ tuntun bá gbá wọn jáde. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Lima, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Perú, jáde. Wọ́n wọn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ àádọ́rin yàrá ń pààrọ̀ láàárín wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ìwọ̀n àárín jẹ́ ìgbà 28. Yàrá tí ẹ̀rọ olówó iyebíye ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò ju ìgbà 12 lọ. Ibi tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé tẹ́tí sí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé àtijọ́ àti ilé ìgbàlódé. Àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú 1950, tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn sì tóbi, ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ ní ìgbà 40. Àwọn tuntun tí àjà wọn rẹlẹ̀ kò ju 17 lọ. Wọ́n wá ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá wà pẹ̀lú aláìsàn tí kò tíì gba ìtọ́jú fún odindi ọjọ́ kan. Nínú yàrá ẹlẹ́rọ, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kó àrùn náà. Nínú yàrá ìgbàlódé, 33. Nínú yàrá àtijọ́, 11 péré. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ dáadáa lè dín hùrùhẹ̀rẹ̀ náà kù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn láti gba àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti òrùlé wọlé lóru. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, àwọn onímọ̀ fi nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn ilé kan, wọ́n sì dí àlàfo orí ògiri. Ní àwọn ilé mìíràn, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì bí àjà. Wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé ẹ̀fọn tó ń wọ ilé tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí pátápátá fi 59 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti ilé tó ní àjà nẹ́ẹ̀tì sì fi 47 dín kù. Ní ti àwọn ọmọdé, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìtó ẹ̀jẹ̀ ní ilé tí wọn kò fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ní irú ilé méjì yòókù, 12 ni. Kò sí oògùn kankan nínú iṣẹ́ yìí. Káfíńtà ló ṣe é.

Ní ilẹ̀ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù ni fèrèsé. Fèrèsé onígíláàsì méjì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gba gbogbo ìlú kan báyìí, kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí gíláàsì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn èkejì nígbà gbogbo. Ẹni tó ra fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ra atẹ́gùn ẹsẹ̀ bàtà méjì. Fèrèsé lúfà ayé ọjọ́un, pẹ̀lú gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé tí a ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Lóòótọ́ lúfà ń jẹ́ kí eruku wọlé, ó sì rọrùn fún olè láti yọ. Àmọ́ ẹni tó fi fèrèsé onítítì rọ́pò rẹ̀ láìfi kún ìwọ̀n rẹ̀ ti gé èémí ilé rẹ̀ sí méjì, yóò sì máa ra èémí náà padà lóṣooṣù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná.

Oòrùn náà ní òfin tirẹ̀. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí wa, nítorí náà òrùlé ló ń jẹ ìyà rẹ̀: páànù tí kò ní àjà lábẹ́ yóò rọ ooru lé orí ẹni tó jókòó. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wá ní ìsàlẹ̀, tó ń gba fèrèsé wọlé tààrà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ìlú Ọba, fi èyí sílò nígbà tí wọ́n ń kọ́ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn 1948. Ilé tóóró tí yàrá rẹ̀ tò ní ìlà kan ni wọ́n kọ́, kí atẹ́gùn lè ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó sì ti èkejì jáde, wọ́n sì fi ògiri onííhò-onííhò ṣíji bo ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ nípa èdè àti ìtàn níbẹ̀ ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ròkè, tí àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Òjò ń rọ̀ níta, fèrèsé ìsàlẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Oòrùn ń ràn, òjìji àjà òkè ti bo ti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí etí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe láyé àtijọ́ ni kọnkéré ń ṣe níbẹ̀.

Bí ilé ṣe ń sọ ènìyàn di ará àdúgbò

Ara kọ́ ni ilé ń mọ nìkan. Ní 1950, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Leon Festinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Àwọn alákòóso ló pín ilé fún àwọn ènìyàn yìí. Wọn kò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, wọn kò sì yan aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá ṣe ọ̀rẹ́, nínú àwọn tó ń gbé àjà kan náà, 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ilẹ̀kùn wọn tẹ̀ léra ló dárúkọ ara wọn. Bí ilẹ̀kùn kan bá wà láàárín, ó bọ́ sí 22. Bó bá jẹ́ pé ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n wà, ó bọ́ sí 10. Gbogbo gígùn ilé náà kò pọ̀ tó ohun tí ènìyàn lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó jìnnà. Àwọn tí yàrá wọn wà nídìí àtẹ̀gùn sì ní ọ̀rẹ́ lókè ju àwọn tó kù lọ, torí pé àwọn ará òkè gbọ́dọ̀ gba iwájú wọn kọjá. Ẹni tó ya ibi tí àtẹ̀gùn yóò wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ọ̀rẹ́ fún wọn láìmọ̀.

Èkó ti rí òdìkejì rẹ̀. Láti 1924 títí di 1930, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eegbọn ara eku ń gbé kiri jà ní Èkó, ìjọba sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó tó kún fún ilé tó fara kínra, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára lójú: ó ní ilé ìdáná tirẹ̀, ó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, omi ẹ̀rọ wà. Peter Marris, ará ìlú Ọba tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù kan fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, ohun púpọ̀ já. Ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ di ẹni tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ bẹ̀ wò. Oníṣòwò pàdánù oníbàárà rẹ̀ torí pé ìloro ilé rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ gbé ohun tó yẹ kí ó jẹ́ oúnjẹ lọ. A pín ilé fún bàbá, ìyá àti ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ènìyàn náà ń gbé ayé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí ńlá. Kò sí ẹni tó pinnu láti tú ẹbí ká. Pùláànù ló tú u ká.

Irú ìtúká bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Ní oṣù keje 1995, ooru líle pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rin dín ọgọ́rùn-ún ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tó ń dá gbé. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan tó ń jẹ́ Eric Klinenberg fi àdúgbò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wéra, tí iye tálákà àti àgbà tó ń dá gbé nínú wọn sún mọ́ra, ó rí i pé iye ikú ní ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì. Ní àdúgbò tí ikú ti pọ̀, ilé ìtajà ti kógbá wọlé, ilẹ̀ ṣófo, ojú pópó sì dá páropáro, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí àgbà jáde. Ní èkejì, ìsọ̀ wà lẹ́sẹ̀ọ̀nà, èrò ń lọ ń bọ̀, àgbà rí ibi rìn lọ láti lọ gba atẹ́gùn, àwọn ènìyàn sì ń tètè fura bí wọn kò bá rí i. Ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe nínú agboolé náà nìyẹn.

Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé owó ni ìṣòro, ọ̀rọ̀ ètò ilé sì jẹ́ ti ọlọ́rọ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò rí owó yàrá kan san kò lè máa ṣàṣàyàn ibi tí fèrèsé yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn àtúnṣe tí a ti dárúkọ ń náni. Láti yí ilé kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá, bírò àti bébà ló ń gbà, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ti gbà á. Láti fi fèrèsé méjì sára ògiri méjì dípò ògiri kan, bákan náà. Nẹ́ẹ̀tì àti igi tóóró kò tó owó táìsì pálọ̀ kan. Etí òrùlé tó gùn sí i díẹ̀ gba páànù díẹ̀, ó sì ń dáàbò bo ọ̀dà ògiri lọ́wọ́ òjò. Ìnáwó gidi ló wà nínú àìronú: ẹ̀rọ amúlétutù, epo jẹnẹrétọ̀, owó ilé ìwòsàn. Àyálégbé ló sì sábà ń san wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé lándílọ́ọ̀dù ló yan ètò ilé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba ju onílé kọ̀ọ̀kan lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní ayé àtijọ́ ni a fẹ́ dá padà, pé inú agboolé ṣókùnkùn, èéfín ń yọ wọ́n lẹ́nu, iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó òrùlé koríko, ìgbóná sì ń pa wọ́n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Yàrá àtijọ́ kì í ní fèrèsé tó yẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀. Sìmẹ́ǹtì wúlò gan-an: nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Coahuila ní Mexico bẹ̀rẹ̀ sí fi sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀ àwọn ilé tálákà ní 2000, àwọn onímọ̀ rí i lẹ́yìn náà pé aràn inú ọmọdé fi 78 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ìgbẹ́ gbuuru sì fi 49 dín kù, ọkàn àwọn ìyá sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ní ká fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí a gba ohun èlò tuntun, a ju ètò àtijọ́ nù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan nínú bílọ́ọ̀kù àti páànù tó ní kí a má ní àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí etí òrùlé gígùn.

Àtakò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú ará ìlú: olè. Fẹ́ǹsì gíga, géètì irin àti fèrèsé kékeré kò ṣàdédé wá; ìbẹ̀rù ló kọ́ wọn. Irin ojú fèrèsé tọ̀nà, kò sì dí atẹ́gùn. Ní ti fẹ́ǹsì, ó yẹ ká ronú sí i. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jane Jacobs kọ ọ́ nínú ìwé kan ní 1961, nípa àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, pé ojú àwọn tó ń gbé àdúgbò àti àwọn onísọ̀ ni ààbò àkọ́kọ́ ojú pópó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Fẹ́ǹsì tó ga ju orí ènìyàn lọ fọ́ ojú náà: kò sí aládùúgbò tó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ẹnìkejì, olè tó bá sì ti fo ògiri wọlé ti rí ibi ìsápamọ́ tí onílé fi owó ara rẹ̀ kọ́ fún un. Fẹ́ǹsì tó ní ihò lókè, tàbí tó jẹ́ irin láti àyà sókè, ń dènà ẹsẹ̀ láìdènà ojú, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn ojúde wọlé.

Àwọn tó mọ ìtàn yóò wá bi wá pé ṣé ilé lásán lè tún ìwà ènìyàn ṣe. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìtàn sì kìlọ̀ fún wa. Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ilé 33, alájà mọ́kànlá ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tálákà, wọ́n pè é ní Pruitt-Igoe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó wọ ibẹ̀ ní 1954, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àdó olóró wó o ní 1972. Ọ̀pọ̀ di gbogbo ẹ̀bi lé ayàwòrán lórí, torí pé ẹ̀rọ agbéniròkè kì í dúró ní gbogbo àjà, páséèjì gígùn sì di ibùba àwọn jàgídíjàgan. Ètò yẹn burú lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ ń kúrò ní ìlú náà, owó àtúnṣe kò tó, ìjọba sì fi àwọn ènìyàn dúdú pamọ́ síbẹ̀. Ní Gáńbíà pẹ̀lú, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2021 fi hàn pé níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń gba oògùn, títún ilé ṣe kò dín ibà kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé kì í ṣe babaláwo. Ó lè mú ohun rere rọrùn tàbí kó mú un nira. Kò lè pèsè iṣẹ́, ìwòsàn tàbí ìjọba rere. Ṣùgbọ́n ohun tó bá rọrùn ni ènìyàn máa ń ṣe lójoojúmọ́, ohun tí a sì ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń di ìlera àti ìwà wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́lé, kí ẹ tó fọwọ́ sí pùláànù, ẹ bi ẹni tó yà á ní ìbéèrè márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ wo ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò pa? Ṣé yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì tí atẹ́gùn lè gbà kọjá nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì? Fèrèsé yìí, báwo ló ṣe lè ṣí tó? Níbo ni èéfín ilé ìdáná àti ti jẹnẹrétọ̀ yóò gbà? Níbo ni àgbà lè jókòó sí tí yóò fi rí ọmọdé àti ojú pópó? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, owó tí ẹ fẹ́ fi kun ilé yẹn lọ́dà lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ fi apá kan rẹ̀ la fèrèsé kejì sí yàrá tí kò ní. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fi òǹtẹ̀ lu pùláànù, ẹ má ṣe fi òǹtẹ̀ lu yàrá tí kò lè mí.